Àga Tí A Fi Ń Lọ sí Èkó

Inú máa ń bí mi bí òbí bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, tó wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀, tó wá ní, "Àǹtí, ṣé eré náà ni wọ́n ń ṣe látàárọ̀? Ìgbà wo ni wọ́n máa kàwé?" Ọmọ ọdún mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́rin! Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo máa ń dá a lóhùn pé wọ́n ń kàwé o, kó fọkàn balẹ̀. Ohun tí n kì í sọ fún un ni pé èmi fojú ara mi rí bí eré ṣe la ẹnu ọmọ tó ti padé. Nílé wa ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ti rí i. Mo sì gbọ́ ohun tí ẹnu náà sọ nígbà tó là tán, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rín mi pẹ́ lẹ́nu.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ìgbà tí aṣọ òkìrìkà di aṣọ ọdún, tí ẹni tó ń jẹ ẹyin tẹ́lẹ̀ wá ń fọwọ́ kan ẹja gbígbẹ nínú ọbẹ̀ kó lè pẹ́. Bàbá mi ti Ọ̀ṣun wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan tó wà lójú ọ̀nà Ìdíròkò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kò rí ohun èlò gbà láti òkè òkun mọ́, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé ná, àwọn yóò ránṣẹ́ pè wọ́n. Bàbá mi ń sinmi, ojú rẹ̀ kò sì sinmi. Màmá mi ló wá ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Yàrá kan la ń gbé nínú ilé onílé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ìyá tó ni ilé náà, ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, Mùsùlùmí tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá onílé ni gbogbo wa ń pè é, bàbá mi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bí ìbejì lé mi, ọkùnrin méjèèjì. Mi ò ní dárúkọ wọn. Orúkọ tí ìbejì ń gbé wá sáyé, kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Bí àṣà wa sì ṣe wí, ẹni tó kẹ́yìn jáde ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán èkejì níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn wọn nínú ilé ti ń bú ènìyàn, àwọn kò tíì lè pe omi. Bubu ni omi lẹ́nu wọn. Wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á máa sọ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn alábàágbé bẹ̀rẹ̀ sí í gba màmá mi nímọ̀ràn. Ọ̀kan ní kó gbé wọn lọ síbi tí wọ́n á ti bá a wo ahọ́n wọn. Òmíràn ní omi inú agogo ni kó máa fún wọn mu. Ìyá onílé ló lé gbogbo wọn dànù.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," ló wí. "Inú eré lẹnu ọmọ ti ń là."

Ìyá yìí a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, á fi òkúta kékeré kan pamọ́ sí ọwọ́ kan, á na ọwọ́ méjèèjì tó dì jáde sí wọn. "Èwo ni? Ọ̀tún ni àbí òsì?" Bí wọ́n bá fọwọ́ tọ́ka, kò ní ṣí i. Á gbójú sókè bíi pé òun kò rí wọn. Ìgbà tí wọ́n bá fi ẹnu pe nǹkan kan, ì báà jẹ́ "tún" lásán, ló tó máa ṣí ọwọ́, tí ariwo á sọ. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu wọn bí eyín ṣe ń yọ, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́jọ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n eré tiwọn gan-an ni eré ọkọ̀. Bí màmá mi bá fẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kó àwọn méjèèjì lọ pàdé rẹ̀ ní oríta Ṣàngó, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń kó èrò lọ sí Èkó. Àwọn kọ̀ńdọ́ á máa pariwo ibi tí wọ́n ń lọ títí ohùn wọn á fi ha. Bí a bá padà délé, àwọn ìbejì á fa bẹ́ǹṣì ìyá onílé jáde sí àgbàlá, á di ọkọ̀. Màmá mi ti mú ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó wọ́ wá láti ibi iṣẹ́, òun ni ọwọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń yí. Èyí tó kọ́kọ́ wáyé ni awakọ̀. Ó jókòó níwájú, kò ní nǹkan í sọ ju "vúùù" àti "pín-ín pín-ín" lọ. Èyí tó kẹ́yìn jáde ni kọ̀ńdọ́. Ó máa ń dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, á fọwọ́ di afẹ́fẹ́ mú bí ẹni tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, á mú kí ohùn rẹ̀ ha: "Agége! Ọ̀ṣòdì! Èkó! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Ọmọ tí kò lè pe omi dáadáa lóṣù mélòó kan sẹ́yìn! Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti là pátápátá. Kò pẹ́ tó fi ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ebi ń pa wá, oorun ń kùn wá, wọ́n lù wá. Awakọ̀ á kàn mi orí sí i. Kí ló tún fẹ́ sọ, nígbà tí kọ̀ńdọ́ ti sọ ọ́?

Èéyi ló mú àwọn méjèèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti awakọ̀ rọ̀, ti kọ̀ńdọ́ kò rọ̀. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, kò sí oògùn nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ fún bàbá mi pé kó lọ wá a rà níta. Bàbá mi yá kẹ̀kẹ́, ó ti kẹ́míìsì dé kẹ́míìsì, ó dé Ìjù, ó dé Àtàn. Ó rí oògùn náà. Ó mú un dé, ọmọ ti lọ.

Ìyá bàbá mi wá láti Ọ̀ṣun. Òun ló ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún létí èyí tó kù. Wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Ẹni tó bá sọ ọ́ ń pe èkejì ni. Ó gbé awakọ̀ sórí ẹsẹ̀, ó sì sọ ohun tí wọ́n sọ fún òun náà nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí òun pẹ̀lú jẹ́ ìbejì, òun nìkan ló kù.

"Ẹnì kejì rẹ ti re Èkó," ló wí fún un. "Ó lọ ra nǹkan dáadáa bọ̀ fún ọ."

Ní ìlú ìyá bàbá mi, Èkó jìnnà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lè pẹ́ títí kí wọ́n tó gbúròó rẹ̀, ọmọdé á sì gbàgbé díẹ̀díẹ̀ pé òun ń retí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n Ṣàngó la wà! Bàbá tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, Èkó ló ń lọ láràárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ abíyá. Ìyàwó kan nínú ilé wa tó ń ta aṣọ, Èkó ló ti ń ra ọjà. Láti ẹnu ọ̀nà wa, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá sápá ọ̀dọ̀ wa, èèyàn á máa gbọ́ tí wọ́n ń pe Èkó, Èkó, Èkó ní oríta. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń ti ilẹ̀kùn, a gbé e wá síbi tí ilẹ̀kùn náà kì í padé. Kò sí ẹni tó ro ìyẹn. Mo bínú sí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí rẹ̀, mi ò sì rí ohun tí ǹ bá sọ bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí alẹ́ bá ti ń lẹ́, tí àwọn èrò Èkó bá ń wọlé, á dìde, á máa wo ẹ̀yìn wọn bóyá ẹnì kan ń tẹ̀lé wọn bọ̀. Bí wọ́n bá fún un ní búrẹ́dì, á jẹ ìdajì. Ìdajì kejì á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí oorun á fi gbé e lọ, màmá mi á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á fi aṣọ wé e, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́.

Kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dínkù o. Kò sí mọ́ rárá ni. Kò pe omi, kò pe màmá, kò ṣe "vúùù". Ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò wò ó. Ẹ̀rù bà wá. Gbogbo ilé mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù, ẹnikẹ́ni kò là á sọ: pé ọmọ yìí ti ń múra àtitẹ̀lé èkejì rẹ̀, pé ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Màmá mi ń ṣe gbogbo nǹkan ní méjì méjì fún un bí àṣà. Ife méjì, ṣòkòtò méjì, ẹran méjì kéékèèké nínú àwo. Àwọn ènìyàn ṣì ń kí i ní ìyá ìbejì, ó ṣì ń jẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kan, ara bàbá mi kò gbà á mọ́. Oòrùn mú gan-an, ọmọ náà sì dúró níwájú ìkòkò omi, ó ń wo bàbá mi. Bàbá mi bu omi sínú ife, ó gbé e sókè.

"Pè é," ló wí. "Ní 'omi'. Bí o bá ti lè ní 'omi', màá fún ọ."

Ọmọ ń wò ó.

"Omi! Omi! Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ̀rọ̀ sí mi!"

Ètè ọmọ náà ti gbẹ. Ó ṣáà ń wo ife. Bàbá mi wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọkùnrin tí mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tó gbé oògùn tí kò wúlò mọ́ dé. Ìyá onílé ló wọlé wá gba ife náà. Ó fún ọmọ lómi mu, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Bàbá ìbejì, ẹ rọra ṣe," ló wí. "Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi èjìká já ẹnu ọmọ bí ilẹ̀kùn."

Ó wá yíjú sí mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni, àpò ìwé ṣì wà lọ́rùn mi. "Ìwọ, lọ gbé bẹ́ǹṣì yẹn síta. Má bi í ní nǹkan kan o. Ìwọ ṣe èrò ọkọ̀ tìẹ. Ẹni tí eré bá wọ̀ lára, kì í rántí pé òun ò fẹ́ sọ̀rọ̀."

Mo gbé e síta. Mo wé gèlè màmá mi, mo gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, mo jókòó sí àárín bẹ́ǹṣì bí ìyá kan tó ń lọ sí Ọ̀ṣòdì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà: gbogbo nǹkan ti wọ́n, ìrẹsì wọ́n, ọṣẹ wọ́n, ọkọ mi ò mọ̀, ṣé ó rò pé mò ń gbẹ́ owó nílẹ̀ ni? Àwọn alábàágbé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò mi kò wá. Lọ́jọ́ kejì kò wá. Nígbà tó yá, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń wò mí, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i, mò ń ṣépè fún awakọ̀ tó fi wá sílẹ̀ nínú oòrùn lọ jẹun.

Ọjọ́ tó wọlé lọ fa ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò wo ojú rẹ̀. Ó jókòó síwájú. Ó yí ìdérí náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó pẹ́ kí ètè rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí "vúùù" kékeré kan fi jáde, bí ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Mo yíjú sẹ́yìn kó má baà rí omi ojú mi. Ìyá onílé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, a ń lọ sí Èkó nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Wàhálà kan ló wà: ọkọ̀ wa kì í dúró. Màá ní, "Awakọ̀, mò ń bọ́ọ́lẹ̀ ní Agége o!" Kò ní dúró, á máa wa ọkọ̀ lọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ló jàre. Nínú eré wọn, awakọ̀ kì í gbọ́ ti èrò. Kọ̀ńdọ́ ló máa ń ké "Ó wà!" sí i kó tó dúró, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Mi ò dúró síbẹ̀ rí. Àyè ẹni tó ni ín ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí èrò tí wọ́n gbé kọjá. "Ẹ wò ó o! Awakọ̀ yìí ti gbé mi kọjá! Ọmọ mi ń dúró dè mí ní Agége o, ó ń sunkún o! Ta ló máa bá mi sọ fún un o?"

Ọmọ náà dá ọwọ́ ọkọ̀ dúró. Ó wo ẹ̀yìn, ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó yí ojú padà síwájú, ó sì la ẹnu.

"Ó wà! Ó ń bọ́ọ́lẹ̀!"

Kì í ṣe ohùn tirẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ohùn híha kọ̀ńdọ́ ni, bó ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Màmá mi, tó ń tẹ ẹ̀bà lẹ́yìnkùlé, sáré jáde pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ó wo ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló wo iwájú, ó sì rí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó fi ara ti ògiri, ó rọra yọ̀ jókòó sílẹ̀, ẹ̀bà ń já bọ́ lára orógùn. Mi ò lè sọ bóyá ayọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ wá ti inú ọkọ̀ wọ inú ilé. Lórí ẹní, á ní kí n sún. Bó bá jẹun tán tí kò yó, á ní òun ń gba ṣéńjì. Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, ó ń béèrè ìdí, ó ń purọ́ pé òun kọ́ ló tọ̀ sílé. Ohùn híha náà fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tirẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sì dúró. Bàbá mi a máa ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé a dúpẹ́, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀. A yọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni kò ro ohun tí ọmọ náà máa sọ.

Ìrọ̀lẹ́ kan, màmá mi kò lọ síṣẹ́, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo ní ẹ̀gbẹ́ wa. Bàbá mi wà lórí àpótí, ó ń tún bàtà kan ṣe. Àbúrò mi wa ọkọ̀ lọ títí, kò dúró ní Agége, kò dúró ní Ọ̀ṣòdì. Ó wá dá ọkọ̀ dúró, ó gbé ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

"Ẹ bọ́ọ́lẹ̀," ló wí. "A ti dé Èkó."

Mo bọ́ọ́lẹ̀. Òun náà bọ́ọ́lẹ̀. Ó wo àgbàlá yíká, ó wo ẹ̀yìn kànga, ó wo abẹ́ okùn aṣọ. Ó wá lọ dúró níwájú màmá mi.

"Màmá, mo ti dé Èkó. Níbo ló wà?"

Bàbá mi gbé bàtà sílẹ̀. Màmá mi ń wo ẹ̀wà. Mo rò pé á ní ọjà ló lọ, á ní ọ̀la ni yóò dé, bí a ṣe ń sọ fún un látọjọ́ yìí.

"Ọmọ mi," màmá mi wí, "Èkó tí ó lọ yẹn, ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀."

"Ọkọ̀ ńlá ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ńlá náà kì í débẹ̀."

Ó rò ó. Mò ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń rò ó, mò ń gbàdúrà kí ẹnu yẹn má tún padé.

"Kò ní padà wá?"

Màmá mi mi orí pé kò ní padà wá. Omi ojú rẹ̀ ń kán sínú ẹ̀wà, kò nù ún, kò fi pamọ́ mọ́. Àbúrò mi fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ kan eékún màmá mi.

"Ṣé ó mọ̀ pé mo ti lè sọ̀rọ̀?" ló béèrè. "Ẹ bá mi sọ fún un. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe èrò."

Ó padà sídìí bẹ́ǹṣì. Kò lọ síwájú. Ó lọ dúró sí ẹ̀yìn, ó fọwọ́ di afẹ́fẹ́ mú, ó sì fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Agége, pe Ọ̀ṣòdì, pe Èkó. Màmá mi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá mi dìde, òun náà wá jókòó. Àbúrò mi ní kí a sún, a sún. Kò sí ẹni tó jókòó síbi awakọ̀.